Dúrọ́ọ̀mù Kọ́ńdẹ́mù Tí Ẹ Rì Mọ́lẹ̀

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ sọ mí ní Odídẹrẹ́,

Mo kí yín o, mo kí ilẹ̀ tó gbà yín. Kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tíṣà kọ́ wa pé lẹ́tà gidi gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì méjì, ti ẹni tó ń kọ ọ́ àti ti ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Èyí kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ilé wa ni, lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ igi gúáfà. Orí bẹ́ńṣì yín ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi wà lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sórí yín. Ẹ má bínú sí ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n ti kírun àsárì. Bùọ̀dá mi fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, ó mú díígà lọ́wọ́, kò gbẹ́lẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpótí. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sílẹ̀ ná, wọ́n sì gbà kíákíá, ẹnu yà wọ́n ni, torí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo fẹ́ kọ nǹkan.

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sá wá síbí tí ìyá mi bá ń fi orógùn lé mi? Ẹ kì í bi mí pé kí ni mo ṣe. Ẹ ó kàn sún díẹ̀, èmi náà á sì jókòó. Tí mo bá wá ṣe ìyá mi fún yín, tí mo sín in jẹ, bó ṣe ń fi ọwọ́ kan di ìró mú tó ń fi ọwọ́ kejì bú mi, ẹ ó kọjú sí ògiri kí n má baà rí yín níbi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èjìká yín ló máa ń tú yín fó. Èjìká yẹn ni mò ń fojú wá báyìí, mi ò rí i.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kànga ni.

Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ni omi kànga wa ti yí padà. Tí a bá fà á, ojú omi náà á máa dán bí ọrùn ẹyẹlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo pe àwọn ọmọ àdúgbò, mo ní òṣùmàrè ti kó wá sínú kànga wa, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó kọ́kọ́ bu gúgúrú fún mi. Mo jẹ gúgúrú títí ẹnu fi ń dùn mí. Mi ò mọ̀ pé ẹkún ló wà nínú kànga tí mò ń pe èèyàn wá wò.

Omi yẹn ni ìyá mi fi fọ irú. Ẹ mọ irú ìyá mi. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ní Ọjà-Ọba kì í fojú wá a, imú ni wọ́n fi ń tọpa ẹ̀ dé ìdí igbá. Imú yẹn náà ni wọ́n fi dá a padà. Alhaja kan gbé odidi kúlà ọbẹ̀ wá sọ́jà, ó ṣí i sí ìyá mi nímú lójú gbogbo èrò.

"Ìyá Sàláú, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò. Ṣé irú lẹ tà fún mi ni àbí kẹrosíìnì? Àlejò mi fi kan ẹnu báyìí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí ẹ̀gbẹ́ òun o."

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń fi ahọ́n ta òkè ẹnu kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó máa dunni. Mo lè ṣe é fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi dé ìdérí kúlà náà fúnra ẹ̀, ó ní kí Alhaja má bínú. Ọwọ́ mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri ló ti ń ra omi látọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni igbá irú ṣì ń padà wálé ní kíkún. Omi ṣeé rà. Orúkọ tó bá ti rùn, ta ló ń tà á?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí àyíká dé. Ẹ jẹ́ n ṣe ọ̀gá wọn fún yín. Obìnrin ni, ó wọ jígí, ó máa ń fi ìka kan ti jígí náà sókè tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ni.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Òfin ti dé sórí kọ́ńdẹ́mù. Ọ́ìlì dúdú tí ẹ bá tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ló gbọ́dọ̀ wà, lórí sìmẹ́ńtì tó ní etí, lábẹ́ òrùlé, níbi tí ojú gbogbo wa á ti tó o. Ẹ má da omi pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má da pẹtiróò pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó gbàṣẹ ló máa wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tó tún máa wúlò padà. Ẹ ò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dà á sí ilẹ̀."

Bùọ̀dá mi, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, fi dúrọ́ọ̀mù tuntun hàn án, ó fi sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ hàn án. Obìnrin náà yìn ín. Ó yọjú sínú kànga. Ó wá ti jígí sókè.

"Èyí tí Bàbá yín ń kó jọ nígbà ayé wọn, ibo ló wà?"

Bàbá, ibo ló wà?

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ rì dúrọ́ọ̀mù kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín jó ni, tí iná ta sí kọ́ńdẹ́mù tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Ẹ ní ilẹ̀ nìkan ni olùṣọ́ tí kì í sùn. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń da tiwọn sí gọ́tà, àwọn míì ń wọ́n ọn sójúde kí eruku má sọ, àwọn míì ń tà á fún àwọn tó ń rọ ọ́ sínú ike tuntun bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò lò ó rí. Ẹ̀yin kọ gbogbo ẹ̀. Ẹ ò rán ọmọṣẹ́ kankan sídìí ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ lọ́sàn-án, nígbà tí ìyá mi bá wà lọ́jà tí àwa bá wà nílé kéwú. Ẹ ń gbé kíkún lọ, ẹ ń gbé òfìfo bọ̀. Ìtọ́jú lẹ pè é. Ìtọ́jú náà sì ni.

Àmọ́ ṣebí irin ni, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ki ìka bọ ìdí ọkọ̀ níbi tó ti dógùn-ún, tí ẹ ó pe olówó ọkọ̀ kó wá wo ihò náà, ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ á bojú àánú wo dúrọ́ọ̀mù tiyín ni? Mi ò bá yín wí. Mo kàn ń béèrè ni.

Obìnrin oníjígí ní dúrọ́ọ̀mù yẹn ti ń jò, òjò sì ń gbé e lọ sínú kànga. Kì í ṣe tiwa nìkan. Kànga mọ́sáláásí ẹ̀yìn ilé wa, tí àwọn bàbá fi ń ṣe àlùwàlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ó ní ká wú u jáde tòun ti yẹ̀pẹ̀ tó ti mu ún. Tí àwọn bá padà wá ní Àtìnì, ọjọ́ Ajé, tí a ò tíì rí i, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn á sì ti kànga.

Ọ̀la ni Àtìnì.

Bùọ̀dá mi ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Ó gbẹ́ ìdí ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ wó. Ó gbẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù títí ibẹ̀ fi dà bí ẹnu arúgbó, ihò níhìn-ín, eyín lọ́hùn-ún. Kò rí nǹkan kan. Ó ti rù, Bàbá. Bẹ́líìtì yín tó ń lò, ó ti lu ihò míì sí i. Iṣẹ́ míì wo ló mọ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ ò sì kọ́ ọ ní òmíràn.

Ẹ máa fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí Odídẹrẹ́ ò lanu láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ti ní kí n má ṣe yín mọ́ ni. Kété tí a ṣe fídáù yín tán, mo lọ lúgọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tí ọmọṣẹ́ kan ń tú, mo húkọ́ yín, ikọ́ gbígbẹ yẹn tí ẹ máa ń fi kéde ara yín kí ọmọṣẹ́ tó bá ń ṣeré lè rí àyè mú sípánà. Ọmọ náà ju sípánà sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀ dé títì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé bùtá àlùwàlá yín dání, omi kún inú ẹ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀bù, ó wò mí. Kò bú mi. Ó da omi náà sídìí gúáfà, ó wọlé lọ. Bùọ̀dá mi wá bá mi, ó ní tí òun bá tún gbọ́ Bàbá lẹ́nu mi, òun ò ní ka ara òun sí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Látìgbà náà, mi ò ṣe yín mọ́, kódà nínú balùwẹ̀.

Àmọ́ lánàá, nígbà tí mo rí Bùọ̀dá mi níbi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àárín ilé, mo sọ fún un pé mo mọ ìrìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń dé ilé kéwú. Inú bọ́ọ̀sì tó ti kú níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń fara pamọ́ sí. Mo máa ń rí yín tí ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì, títí ẹ ó fi yí igun ilé ìdáná. Ohun tó wà lẹ́yìn igun yẹn ni mi ò rí rí.

Bùọ̀dá mi ní, "Wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù Bàbá pa, o fẹ́ fi Bàbá ṣeré."

Ìyá mi ní, "Jẹ́ kó rìn."

Mo rìn. Mo gbé èjìká òsì wálẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń gbá a. Àwọn ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mò ń fi iyọ̀ sí i, ẹ ṣáà mọ̀ mí, títí mo fi bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Bùọ̀dá mi tutọ́ sílẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò mira.

Ó ní, "Bàbá ẹ kì í rìn lọ́wọ́ òfìfo."

Ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì yín jáde, ó fi omi kànga tó bàjẹ́ yẹn kún un dé ọrùn. Mo gbé e. Bàbá, mi ò tíì ṣe yín rí títí di àná. Ohùn yín ni mò ń ṣe látọjọ́ yìí, mi ò mọ ara yín. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló gbé èjìká mi wálẹ̀, mi ò ṣe é. Bí mo ṣe dé igun, ọwọ́ mi kejì wá ohun tó máa gbá mú, ó bá ògiri, ibi tó bọ́ sí sì ni àpá dúdú yẹn tí gbogbo wa ń pè ní èéfín. Èéfín kọ́. Ọwọ́ yín ni. Mo tẹrí bá fún okùn aṣọ tí kò lè kàn mí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, apá ń já mi, mo pààrọ̀ ọwọ́, kẹ́ẹ̀gì sì wọ́ mi sí apá òsì. Mò ń ṣe làá ìláhà lábẹ́ èémí. Nígbà tí mi ò lè gbé e mọ́, mo gbé e kalẹ̀. Ikọ́ yín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò pè é.

Mo wo ilẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì yín ni kẹ́ẹ̀gì náà wà, ní ìgbèrí yín, ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo wa rántí lẹ́ẹ̀kan náà, mo rí i lójú wọn. Ọjọ́ tí a sin yín, bí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni yẹ̀pẹ̀ ń rùn kọ́ńdẹ́mù. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó nu ojú, ó ní ilẹ̀ ti mọ ẹni tó ń bọ̀. A mi orí. A sunkún. A rò pé àpọ́nlé ni. Ẹ̀yin lẹ sì ní ká sin yín síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, a rò pé ìbòòji gúáfà lẹ fẹ́. Ṣé dúrọ́ọ̀mù lẹ ń ṣọ́ lórí bẹ́ńṣì yìí látọjọ́ pípẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ ọ lọ ni? Lẹ́yìn fídáù ni Bùọ̀dá mi da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ìdí igi kí òjò má baà wọ̀ yín lára, òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà níbẹ̀, tí a ò mọ̀ pé ẹnu dúrọ́ọ̀mù lẹ fi bò, sì wọ abẹ́ sìmẹ́ńtì lọ.

Ààfáà wá láàárọ̀ yìí. Ó wọn ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí sàréè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣeé gbẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí Ọlọ́hun ò fẹ́ ká fi ìnira sílẹ̀ fún aládùúgbò. Bùọ̀dá mi kọ̀. "Kí wọ́n ti kànga. Kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní gbé díígà sókè lórí bàbá mi." Ìyá mi wọlé, ó ń to àwọn igbá irú léra wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ara wọn. Kò sí nǹkan kan nínú wọn, kò ṣe irú tà mọ́.

Lẹ́yìn àsárì ni Bùọ̀dá mi wá bá mi. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó pè mí ní Odídẹrẹ́, Bàbá. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, tiyín ni.

"Odídẹrẹ́, ṣe Bàbá fún mi. Ní kí n gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá gbẹ́ ẹ."

Mo la ẹnu. Ohùn yín wà níbẹ̀, ó pé, tòun ti ikọ́ tó máa ń ṣíwájú ẹ̀. Ó kù kí n tú u sílẹ̀.  Ohun gbogbo tí mo ti fi ohùn yín sọ rí, ẹ ti sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Ẹ ò sọ èyí. Odídẹrẹ́ kì í sọ ohun tí kò gbọ́. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á gbé díígà lórí irọ́ mi, yóò sì máa rò títí ayé pé ẹ̀yin lẹ rán an. Mo ti fi ohùn yín dẹ́rù ba ọmọṣẹ́. Mo ti fi gbé ìyá mi jáde tòun ti omi àlùwàlá. Èyí ni mi ò lè ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ̀wé bi yín.

Mo ti wá bi yín. Ṣé ká gbẹ́ ẹ? Ṣé ẹ ó gbọ́ díígà? Ṣé á dùn yín?

 Mo ti wo igi gúáfà títí, ewé kan ò tilẹ̀ já kí n rí nǹkan fi ṣe àmì.

Ohun kan ló ń jà nínú mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kírun láì kọ́kọ́ fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú àti yẹ̀pẹ̀ ha ọwọ́ yín. Ẹ ó ha á, ẹ ó gbé e sókè wò nínú oòrùn, ẹ ó tún ha á. Síbẹ̀ àwọn tó wẹ̀ yín lọ́jọ́ náà ní gbogbo ara yín mọ́ àyàfi abẹ́ èékánná. Aṣọ funfun ni a fi sin yín. Kọ́ńdẹ́mù yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín látọjọ́ náà, ó ń jò, òjò sì ń tì í kiri. Ṣé ó ti kan aṣọ yẹn? Bàbá, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?

Mi ò lè bi Bùọ̀dá mi léyìí láì sunkún, àmọ́ òun ni màá bi. Màá dìde báyìí. Mi ò ní húkọ́, mi ò ní gbé èjìká wálẹ̀. Ohùn tèmi yìí, tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí gíríìsì, ni màá fi sọ fún un pé tí a bá fi dúrọ́ọ̀mù yìí sílẹ̀, inú ohun tí Bàbá fọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ayé wọn la fi wọ́n sí. Tí kò bá gbà, màá gba díígà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá lù mí, kó lù mí. Ìyá mi ti dìde. Ó ti gbé bùtá yín jáde, ó ń wọ́n omi tó rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà sí etí sìmẹ́ńtì, kó lè rọ̀.

Bàbá, a ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín la máa gbà, a ò ní fọwọ́ kàn yín. Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí mo bá sáré dé orí bẹ́ńṣì yìí tí mi ò tíì lè sọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ sún díẹ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Odídẹrẹ́